Yàrá Ràbíátù Tí Mo Gbé Fún Àlejò

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi kẹ́dùn. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí tán, kí ẹ tó bú mi. Èmi Zakariyya, aránfìlà, ọmọ ilé Ajíbówú ní Pópó Yemọja n'Ìbàdàn, ni mo purọ́ mọ́ àbúrò mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bí ilé wa ṣe rí. Ilé alámọ̀ ni, sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi rẹ́ ẹ lójú, páànù orí rẹ̀ sì ti dípẹtà bíi ti gbogbo àdúgbò. Kí bàbá wa tó kú, ó pín yàrá. Àwa ọkùnrin gba tiwa. Yàrá ojú títì, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí òkè Màpó, ó ní ti Ràbíátù ni.

Ilé ọkọ ni Ràbíátù wà nígbà náà, ní Ìlọrin. Bàbá ní bí ọkọ bá kọ̀ ọ́, tàbí bí ọkọ bá kú, ibẹ̀ ni yóò forí lé. Bí a ti ń ṣe é nílé wa nìyẹn. Ọmọ osú ni à ń pe ọmọbìnrin ilé tó ti wà nílé ọkọ, ọmọ osú kì í sì í pàdánù yàrá rẹ̀ nílé bàbá rẹ̀, ì báà má wá ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún lọ.

Ràbíátù kó ẹrù díẹ̀ síbẹ̀, ó ti àgádágodo mọ́ ọn, ó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ. Ọdún Iléyá nìkan ló ń wá ṣí i. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ló fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìgbà náà ni Moyinolúwa dé.

Ọmọ Bódìjà ni. Olùkọ́ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà. Ó ti gbé ìlú òyìnbó, ó ti gbé Èkó. Ó wá gba ilé méjì ní ẹ̀gbẹ́ wa, èyí tí àwọn onílé ti fi sílẹ̀ lọ kọ́lé sí Àkóbọ̀. Ó kun ara ògiri ní àwọ̀ ẹlú, ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì kúkúrú sí yàrá, ó so gílóòbù wẹ́wẹ́ mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rọ tí ń po kọfí síbẹ̀. A rò pé orí rẹ̀ ti yí. Ta ni yóò fi Èkó sílẹ̀ wá sanwó sùn ní Pópó Yemọja?

Wọ́n wá. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mọ́tò wọn máa ń dé. Àwọn ọmọ Lẹ́kí, àwọn ọmọ Yábà, àwọn tó ti Lọ́ńdọ̀nù wálé. Wọ́n ń ya fọ́tò òrùlé wa tó dípẹtà, wọ́n ní ó rẹwà. Kànga tí a ti ń pọnmi láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n ń dúró tì í bí ọkọ ìyàwó ti ń dúró ti ìyàwó. Ká tó ṣẹ́jú, ilé mẹ́ta mìíràn ti yí padà lójú pópó náà. Àwọn ayálégbé tó ti wà níbẹ̀ fún ogún ọdún ń kó ẹrù lọ sí Mọ́níyà. Ibi tí onígbàjámọ̀ ti ń gẹrun fún wa tẹ́lẹ̀, ẹni kan ń ta àkàrà òyìnbó níbẹ̀, èyí tó jẹ́ pé owó rẹ̀ tó ra fìlà mi kan.

Èmi kọ́kọ́ lọ jà ni. Orin wọn ń wọlé tì wá nígbà ìrun Àsárì. Mo mú ọ̀pá mi, mo wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Moyinolúwa, mo sì pariwo lé wọn lórí. Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ó pa orin náà, ó tọrọ gáfárà, ó fa àga fún mi, ó ní kí n mu tíì.

Àlejò kan wá bi mí pé kí ló dé tí àwọn ilé ibí fi sún mọ́ra tó báyìí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Mo sọ ti agbo ilé, mo sọ bí àwọn bàbá wa ṣe ń fi ògiri ti ara wọn nítorí ogun. Nígbà tí mo gbójú sókè, àwọn mẹ́fà ti jókòó yí mi ká, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é ṣàlàyé fún ẹni tí wọ́n ń tẹ́tí sí lójoojúmọ́. Ní tèmi, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nílé, àwọn ọmọ a máa tan tẹlifíṣọ̀n. N kò lọ síléèwé. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni mí kí n tó fi ara mi kọ́ ìwé kíkà, lára pátákó ṣọ́ọ̀bù àti ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń pọ́n ẹ̀pà. Àwọn tí mo kọ́ ọ níṣojú wọn rẹ́rìn-ín. Moyinolúwa kò rẹ́rìn-ín. Ó ní pẹpẹ ìwé Yorùbá kan, ó ń mú ìwé kan níbẹ̀ fún mi kí n kà á sókè fún àlejò. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́.

Kò pẹ́ tí àlejò fi ń ti Èkó bọ̀ tí wọ́n ń béèrè ní ìsàlẹ̀ Bẹẹrẹ pé, ibo ni Bàbá Onífìlà ń gbé? Mo di ẹni tí ń lọ sọ́dọ̀ Moyinolúwa láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Iṣẹ́ fìlà dúró. Bí ọjọ́ kan bá lọ tí àlejò kò dé, ara mi kò ní í lélẹ̀, n ó máa rìn láti ẹnu ọ̀nà dé kànga bí adìyẹ tó fẹ́ yé.

Owó kọ́ ló mú mi. Òkìkí ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, kété lẹ́yìn ọdún Iléyá, Moyinolúwa wá bá mi nílé. Ó ní àlejò ti pọ̀ ju yàrá lọ. Ó ní yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí Màpó yẹn, ṣé ẹnì kan ń gbé ibẹ̀ ni? Mo ní kò sẹ́ni, ti àbúrò mi ni, ó wà nílé ọkọ. Mo sọ ìdí tí yàrá náà fi wà ní títì pa fún un. Ojú rẹ̀ tàn bí iná.

“Bàbá,” ó ní, “bí Àǹtí bá lè gbà, mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìtàn yẹn. Gíláàsì la máa fi bò ó, a ó gbé e kọ́ ògiri pẹ̀lú fọ́tò yín. Ẹnikẹ́ni tó bá sùn níbẹ̀ ló máa kà á.”

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí Èṣù ti mú mi, ibẹ̀ ni. Ìwé tí èmi kọ, nínú gíláàsì, lára ògiri.

Ó yẹ kí n pe Ràbíátù. Mo tẹ nọ́ńbà rẹ̀ tán, mo tún pa fóònù náà. Mo mọ ohun tí yóò sọ. Ìdí tí n kò fi pè é nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù ni ìpàdé ẹbí wa. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Jubril, ọmọ àbúrò bàbá mi, tó ń ṣe akọ̀wé ẹbí, ló kọ́kọ́ fèsì. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, yàrá ọmọ osú kì í wọ ọjà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu Ràbí.”

Inú bí mi. Kò dùn mọ́ mi kí ọmọ tí mo gbé pọ̀n máa kọ́ mi ní àṣà ilé wa. Mo ní, “Mo ti bá a sọ̀rọ̀ lánàá. Ó ní ohunkóhun tí mo bá ti ṣe, òun náà ló ṣe é.”

Irọ́ náà jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí òwú tí a fà gba ojú abẹ́rẹ́. Jubril ṣí ìwé ìpàdé. Ó ní bó bá ti gbà, kò burú.

Ìwé àdéhùn ọdún mẹ́ta ni Moyinolúwa gbé wá. Mo ka ìwé náà sókè níṣojú gbogbo wọn, ìlà kan tẹ̀lé èkejì, kí wọ́n lè rí i pé mo mọ̀ ọ́n kà. Mo fọwọ́ sí i. Owó ọdún àkọ́kọ́ ni ẹbí fi pààrọ̀ páànù ẹ̀yìn ilé.

Níwọ̀n bí kọ́kọ́rọ́ ti wà ní Ìlọrin, ayùn irin ni mo fi gé àgádágodo náà. Mo kó ẹrù Ràbíátù síta: àpótí aṣọ méjì, ẹní, bẹ́ẹ̀dì onírin, ìkòkò ńlá kan tó jẹ́ ti ìyá wa. Mo kó wọn sí búkà ẹ̀yìnkùlé, níbi tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó kọ̀wé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo kọ ọ́ kí ìlà rẹ̀ tó gún. Ohun tí mo kọ nìyí: “Yàrá Ọmọ Osú ni èyí. Ọmọbìnrin ilé Ajíbówú kì í di àlejò nílé bàbá rẹ̀. Bó ti wù kó pẹ́ tó nílé ọkọ, yàrá rẹ̀ ń dúró dè é, kò sẹ́ni tó lè gbà á.” Mo kọ orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀.

Àwọn àlejò fẹ́ràn yàrá náà ju gbogbo èyí tó kù lọ.

Oṣù keje lẹ́yìn èyí ni Zulaihat, ọmọ Ràbíátù, pè mí láti Ìlọrin. Ẹkún ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Muhydeen, bàbá rẹ̀, ti kú.

Mo lọ sí Ìlọrin, mo bá wọn kẹ́dùn bí àna ti ń ṣe. Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ, Ràbíátù ránṣẹ́ pè mí wọ yàrá tó ti ń ṣe opó. Ó ti rù, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ dá. Ó sọ fún mi pé àwọn ọmọ ìyálé rẹ̀ ti ń wọn ilé láti pín in, wọ́n sì ti ní tó bá ti ṣe opó tán kó máa lọ.

“Mo ní kò burú,” ó ní, “mo nílé.” Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Bọ̀ọ̀dá mi, ǹ bá ní kí ẹ bá mi gbá yàrá yẹn, kọ́kọ́rọ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Tí mo bá dé, èmi fúnra mi ni n ó gbá a.”

Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ì bá gbọ́ bí mo bá jẹ́wọ́. Mo ní, “Ilé ń bẹ, Ràbí. Ilé ń bẹ.” Mo dìde, mo jáde, mo sì lọ jẹ ìrẹsì àdúà.

Oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá ni opó fi ń jókòó nínú ẹ̀sìn wa. Láti ọjọ́ tí mo ti Ìlọrin dé ni mo ti ń kà á. Bí mo bá mú abẹ́rẹ́, ó ń gún mi níka.  N ó dìde, n ó gba Ọjà'ba, n ó gun òkè Màpó, n ó dúró níbẹ̀, n ó tún sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó ń ta aṣọ òkè bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi.

Mo lọ bá Moyinolúwa. Mo ní mo fẹ́ gba yàrá náà padà. Ó yà á lẹ́nu. Ó ní àlejò ti san owó sílẹ̀ títí dé oṣù Kejìlá, òun sì ti náwó sí balùwẹ̀ àti ilẹ̀. Ó mú ìwé àdéhùn jáde.

“Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ kà á sí wa létí. Ẹ sì sọ pé Àǹtí gbà. Ṣé wọ́n ti yí ọkàn padà ni? Ẹ jẹ́ kí n bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù.”

Mo ní kó má pè é. Mo ní opó kì í gba ìpè àlejò, èèwọ̀ ilé wa ni. Kò sí èèwọ̀ tó jọ bẹ́ẹ̀ nílé wa, láyé tàbí lọ́run. Mo kàn sọ ọ́ ni, ọmọ náà sì gbà mí gbọ́, torí èmi ni bàbá tí ń kọ́ wọn ní àṣà.

Mo wá pe Ràbíátù fúnra mi. Mo ní à ń tún òrùlé ṣe, kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Zulaihat fún ìgbà díẹ̀. Ó bi mí pé ṣé ilé ọkọ ọmọ òun ni òun yóò ti máa jẹun àna. Ó ní bí òjò bá ń rọ̀ sí yàrá òun, òun yóò gbé igbá sábẹ́ rẹ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì, mo lọ bá Mikail ní Bẹ́yẹ̀rúnkà. Ọ̀rẹ́ mi ni, ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa níṣẹ́ fìlà. Ó ní yàrá kan tó ṣófo. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo ní kó bá mi fi pamọ́ fún Ràbíátù.

Mikail gbé fìlà tó ń rán sílẹ̀. “Zaka,” ó ní, “o fẹ́ kí ọmọ Ajíbówú háyà yàrá níbi tó ti ń wo òrùlé bàbá rẹ̀. Ṣé o ti darúgbó tán ni, àbí orí kunkun yẹn ló tún dé?”

Mo ní kó yé bú mi.

“N kò bú ọ. Òní ni kí o pè é. Sọ fún un pé o ṣìṣe. Àbúrò rẹ ni, yóò sunkún, yóò sì dákẹ́. Bó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i, o ò ní àbúrò mọ́.”

Mo ní ọ̀la ni n ó pè é. Ní ọ̀la, mo ní ọ̀túnla.

Ọjọ́ Sátidé ni, bí aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Opó Ràbíátù parí ní ọjọ́ tó ṣáájú. Mo rò pé yóò pè mí kó tó gbéra. Mo wà lórí àga mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Moyinolúwa, mo ń kàwé fún àwọn àlejò mẹ́rin, nígbà tí takisí kan dúró lójú títì. Zulaihat ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gbé báàgì. Ràbíátù tẹ̀lé e, ó wọ aṣọ tuntun, ó lé tìróò.

Ìwé já bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo dìde, mo ń wá ọ̀pá mi.

Ó lọ tààrà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn náà, àgádágodo kò sí níbẹ̀ mọ́, irin kan tó ní nọ́ńbà lára ló wà níbẹ̀. Ràbíátù tú etí ìró rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó ń wá ibi tí yóò kì í bọ̀. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, bí ẹni tó rò pé òun ṣi ilé.

Ilẹ̀kùn ṣí láti inú. Ọmọbìnrin kan yọjú, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé irun. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, torí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni.

“Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ̀yin náà gba yàrá níbí ni?”

“Yàrá mi nìyí,” Ràbíátù wí.

Ọmọ náà rò pé àṣìṣe ni. Ó ní wọ́n sọ fún àwọn pé títí di ọ̀la ni tàwọn. Ràbíátù na ọrùn. Ó ń wo inú yàrá láti orí èjìká rẹ̀, ó rí bẹ́ẹ̀dì kúkúrú, ó rí fọ́tò mi lára ògiri, ó sì rí ìwé tó wà lábẹ́ rẹ̀.

“Bọ̀ọ̀dá mi nìyẹn,” ó ní. “Kí ni wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn? N kò mọ̀wé, ọmọ mi. Bá mi kà á.”

Ọmọ náà kà á. Yorùbá rẹ̀ kò yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó ń tẹ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ kó tó gbé òmíràn. Mo ti dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn wa nígbà náà. Mo gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọbìnrin ilé Ajíbówú kì í di àlejò nílé bàbá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè gbà á. Àwọn ará ilé ti ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, Jubril wà níwájú wọn, ó mú bùrọ́ọ̀ṣì ìfọyín dání.

Ràbíátù yíjú, ó rí mi.

“Bọ̀ọ̀dá mi,” ó ní, “ta ni ọmọbìnrin inú ìwé yìí?”



Jubril ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ràbí, ṣebí ìwọ lo ní ká lò ó. Ẹ̀gbọ́n sọ fún wa ní ìpàdé pé o gbà.”

“Mo gbà? Ta ni mo gbà fún?”

“Wọ́n ní o sọ ọ́ lórí fóònù.”

Gbogbo ojú wá dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀yin òǹkàwé, n kò ní purọ́ fún yín náà. Mo fẹ́ sọ pé ó gbàgbé ni. Mo ti la ẹnu láti sọ ọ́. Mo wá rí ojú rẹ̀ tó lé tìróò sí nítorí pé ó ń bọ̀ wálé. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ká wọlé, ká má ṣe é lójú títì.

Jubril ní, “Inú ilé wo, Ẹ̀gbọ́n?”

Ràbíátù kò pariwo, kò bú mi. Ó béèrè ẹrù rẹ̀. Wọ́n mú un lọ sí búkà. Ikán ti jẹ ẹní, ó ti jẹ ìdí àpótí méjèèjì, aṣọ inú wọn ti di ìyẹ̀fun. Ìkòkò ìyá wa ti fọ́ sí méjì. Zulaihat bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyá rẹ̀ ní kó gbé báàgì kí àwọn máa lọ.

Mikail ló gbà á sílé ní Bẹ́yẹ̀rúnkà, nínú yàrá tí mo ti lọ bá a tọrọ. Ọmọ Ajíbówú di ayálégbé níbi tó ti ń gbọ́ ìpè ìrun mọ́ṣáláṣí wa.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Moyinolúwa gbé gíláàsì náà wá bá mi. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ẹ̀mí òun kò gbà á láti gbé e kọ́ mọ́. Kò bá mi jà. Ó kàn ní òun ti ń sọ ìtàn yẹn fún gbogbo ènìyàn, òun kò mọ̀ pé ẹni tó ni ín ń wá ibi tí yóò sùn.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó gba yàrá tèmi dípò, òun náà kọjú sí títì. Ó gbà. Mo kó ẹní mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi lọ sí búkà ẹ̀yìnkùlé. Mo rán Jubril sí Ràbíátù pé yàrá rẹ̀ ti ṣófo, kó máa bọ̀.

Jubril padà láìmú un bọ̀. Ó ní Ràbíátù ní kí òun jẹ́ iṣẹ́ náà bó ṣe rí gẹ́lẹ́: “Iwájú ẹbí ni wọ́n ti purọ́ mọ́ mi. Iwájú ẹbí ni kí wọ́n ti sọ òótọ́. Bí wọn kò bá sọ ọ́, lọ́jọ́ tí mo bá kú, ẹnì kan yóò sọ fún ọmọ mi pé mo gbà nígbà kan rí.”

Mo kọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ̀. Mo ní èmi àgbà, kí n dìde níwájú àwọn ọmọ tí mo sọ lórúkọ, kí n ní mo purọ́? Mo ní mo ti fi yàrá mi sílẹ̀, kí ló tún kù? Mo ń sùn lórí ilẹ̀ búkà, mo ń jí, mo ń rìn yí kànga ká. Mo rìn títí dé Mọ́lété lọ́jọ́ kan, n kò mọ ohun tí mo wá débẹ̀. Nígbà tí mo gba Bẹ́yẹ̀rúnkà kọjá, mo rí Ràbíátù níta ilé Mikail, ó ń bi ìyàwó onílé bóyá àyè wà fún òun láti sá aṣọ sórí okùn.

Ọmọ ìyá mi ń tọrọ àyè lórí okùn.

Ní ọjọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù, mo dìde níbi ìpàdé. Mo ní n kò pe Ràbíátù. Mo ní kò gbà, torí n kò bi í. Mo ní èmi ni mo gé àgádágodo. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́rin lọ, ṣùgbọ́n òógùn bo ẹ̀yìn mi. Kò sẹ́ni tó ní kí n jókòó. Jubril kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Mo fọwọ́ sí i.

Ràbíátù padà wálé ní ọjọ́ kejì. Ó gbá yàrá rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń kí mi láàárọ̀, mo ń dáhùn, kò tíì ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ní ẹ̀bi àwọn àlejò ni, pé àwọn ló wá ba àdúgbò wa jẹ́. N kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Àlejò kò mọ ẹni tó ni yàrá. Onílé ló mọ̀. Ìwọ tí wọ́n fi ọmọ osú ilé rẹ lé lọ́wọ́, má ta àyè rẹ̀ nítorí àtẹ́wọ́.

Ohun tí n kò rò tẹ́lẹ̀ ló wá ṣẹlẹ̀. Ìròyìn náà ti dé etí gbogbo ọmọbìnrin ilé wa. Láàárín oṣù kan, láìjẹ́ ọdún, láìjẹ́ òkú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wálé lọ́kọ̀ọ̀kan. Muslimat tó ń ta aṣọ ní Gbági wá. Sìdí wá láti Ṣakí. Wọn kò pẹ́. Wọ́n kí àgbà, wọ́n wọ yàrá wọn, wọ́n wò ó, wọ́n sì lọ.

Ẹni tó wá kẹ́yìn ni Waliyat, àkọ́bí tèmi, tó wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Kò sí ìjà láàárín wọn, ara ọkọ rẹ̀ sì le. Ó bá mi ní búkà. Ó kúnlẹ̀, ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀, ó bi mí bóyá ìgbóná ibẹ̀ kò pọ̀ jù. Mo ní kò burú.

Kò dìde.

“Bàbá mi,” ó ní, “nínú ilé yìí, èwo ni yàrá mi?”

Mo ní èyí tó tẹ̀lé ti àǹtí rẹ̀ ni, ta ni kò mọ̀?

“Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Ẹ bá mi pe Bọ̀ọ̀dá Jubril, kí wọ́n mú ìwé ìpàdé dání. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu yín.”

Mo wo ojú ọmọ mi. Kò gbé ojú rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Mo dìde, mo sì lọ pe Jubril.